Bí A Ṣe Ń Sọ Ògbólógbòó Ọkọ̀ Ojú Omi Ìgbafẹ́ Di Ọ̀tun

Bí ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ bá ti lé ní ogún ọdún, ọ̀nà mẹ́ta ló máa ń kù fún ẹni tó ni ín. Ó lè tà á fún iléeṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó ti tirẹ̀. Ó lè wà á lọ sí Alang ní Íńdíà tàbí Aliağa ní ilẹ̀ Tọ́kì, kí wọ́n gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ kí wọ́n sì tà á ní irin. Ó sì lè fi owó ńlá tún un ṣe, kó tún fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ sí i. Ọ̀nà kẹta yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí òun ló ń bọ́ mi. Iṣẹ́ páìpù ni mò ń ṣe nínú ọkọ̀: omi mímu, omi gbígbóná, omi ìdọ̀tí, omi panápaná. Southampton ni mo fi ṣe ilé, àmọ́ ibi tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí fún àtúnṣe ni mo máa ń wà, ì báà jẹ́ Hamburg, ì báà jẹ́ Cádiz tàbí Palermo.

Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n ná owó rẹpẹtẹ sí kápẹ́ẹ̀tì àti iná mèremère, tí àjà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò kí ọdún tó yípo. Ó dùn mí, nítorí ọkọ̀ tó dáa ni, iṣẹ́ tó yẹ kó ṣáájú ni wọ́n fi sẹ́yìn. Ìlànà tí mo mọ̀ pé ó ń yọrí ni mo kọ síbí. Olórí rẹ̀ ni pé kí ìrònú ti parí pátápátá kí ọkọ̀ tó wọ dọ́ọ̀kì, ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Nínú dọ́ọ̀kì, ọwọ́ nìkan ló yẹ kó máa ṣiṣẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó yẹ ní títúnṣe

Irin ni ẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n máa ń gbé lé ara irin, tó ń fi ìró tí etí èèyàn kò lè gbọ́ wọn bí irin náà ṣe nípọn tó. Wọ́n á gbé e yí abẹ́ ọkọ̀ ká, wọ́n á gbé e wọ inú táǹkì, abẹ́ ilé ìdáná, abẹ́ ilé ìfọṣọ, ibikíbi tí omi ti máa ń dúró. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń fọwọ́ sí i pé ọkọ̀ yẹ lójú omi, irú bíi Lloyd's Register, DNV, RINA àti Bureau Veritas, ní ìwọ̀n tí irin kò gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ kọjá. Èyí tó bá ti dógùn-ún kọjá ibẹ̀, gígé ni, kí a fi tuntun dí i. Bí ibi tó ti jẹ bá wá pọ̀ ju ibi tó ṣì le lọ, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Owó tí ẹ bá ná sí i kò ní padà wá.

Lẹ́yìn irin, ó kan òfin. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2010, òfin ààbò ojú omi àgbáyé, SOLAS, kò gbà kí ọkọ̀ akérò tí wọ́n fi igi àti ohun mìíràn tó lè jóná kọ́ ara rẹ̀ máa rìn láàárín orílẹ̀-èdè mọ́. Ọ̀pọ̀ arúgbó ọkọ̀ tó rẹwà gidi ni òfin yẹn lé kúrò lójú omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, ohun tí wọ́n fi ń dá iná àti ooru dúró: ọkọ̀ tí wọ́n kàn ṣáájú oṣù keje ọdún 2002 lè ní in nínú àjà, lẹ́yìn ògiri, àti lára àwọn páìpù gbígbóná. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ láì jẹ́ kí èèyàn tètè mọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n yẹ gbogbo rẹ̀ wò kí òòlù ẹnikẹ́ni tó kan àjà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, n kò ní bẹ ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn.

Ó wá kan èrò. Ta ni yóò wọ̀ ọ́? Àwọn àgbà wa tó lọ kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń dárúkọ Aureol, ọkọ̀ iléeṣẹ́ Elder Dempster tí wọ́n kàn ní Glasgow lọ́dún 1951, tó ń ná Liverpool sí Èkó. Irin rẹ̀ kọ́ ló dá a dúró. Ọkọ̀ òfúrufú ló gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n tà á lọ́dún 1974, ó di ibùgbé lórí omi ní Jeddah, ọdún 2001 ni wọ́n tó gé e ní Alang. Àádọ́ta ọdún ni irin rẹ̀ fi wà lójú omi, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní ogún ọdún tí ọ̀nà tó ń ná ti parí.

Ẹ parí ìrònú nígbà tó ṣì ń kó èrò

Tó bá ku bí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọkọ̀ wọ dọ́ọ̀kì, àwa oníṣẹ́ máa ń bá a rìn. Yàrá àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ la máa ń sùn sí. Bí èrò bá ti sùn lóru, a ó máa ṣí àjà níkọ̀ọ̀kan, a ó wo ohun tó wà lókè, a ó yàwòrán rẹ̀, a ó sì dé e padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Lóde òní a ní ẹ̀rọ tó ń fi iná lésà wọn gbogbo yàrá kan ní ìṣẹ́jú díẹ̀, tí kọ̀ǹpútà á sì yà á bó ṣe rí gan-an. Ẹ lò ó. Àwòrán àtijọ́ tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ẹ́ńjìnnì kì í sábà bá ohun tó wà nílẹ̀ mu, torí ó ti tó ogún ọdún tí oríṣiríṣi ọwọ́ ti ń tún ibẹ̀ ṣe.

Àmọ́ lésà kò lè rí inú páìpù. Lálẹ́ ọjọ́ kan, a ṣí àjà tó wà lábẹ́ ilé ìdáná ọkọ̀ kan. Páìpù omi ìdọ̀tí tó gba ibẹ̀ kọjá dára lójú: ọ̀dà rẹ̀ ń dán, kò sí ìkán omi kan lára rẹ̀. Mo fi òòlù kékeré kàn án lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń dún gbinrin, gbinrin. Nígbà tí òòlù dé ìgúnpá rẹ̀, níbi tó ti ṣẹ́rí sísàlẹ̀, ìró náà kú. Bọ̀m̀, ó tán. A ti omi pa, a gé e, mo sì ki ìka bọ inú rẹ̀. Irin tó wà lẹ́yìn ìgúnpá náà ti jẹ tán pátápátá. Ọ̀dà nìkan ló ń gbé omi dúró. Àwọn ìgúnpá tó kù lórí ìlà yẹn, ọjọ́ kan náà ni wọ́n kàn wọ́n, omi kan náà ló ń gbà inú wọn. Gbogbo wọn la kọ sínú ìwé pé a ó pààrọ̀, èyí tó ń dún dáadáa pẹ̀lú èyí tí kò dún.

Ẹ má gbàgbé ilé ìyàgbẹ́. Afẹ́fẹ́ ló ń fa ìdọ̀tí lọ nínú ọkọ̀, omi díẹ̀ ni wọ́n ń lò, nítorí náà ìtọ̀ máa ń dì mọ́ inú páìpù, á le, á funfun, á máa nípọn sí i lọ́dọọdún. Mo ti gé páìpù tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ dáadáa tó jẹ́ pé ihò tó kù láàárín rẹ̀ kò gba ju àtàǹpàkò mi lọ. Èrò á tẹ bọ́tìnì, kò ní lọ, wọ́n á ní ilé ìyàgbẹ́ ti bàjẹ́, wọ́n á pààrọ̀ àwo ìjókòó rẹ̀. Àwo kọ́ ló bàjẹ́. Bí ẹ bá gbé àwo tuntun tó ń dán lé páìpù bẹ́ẹ̀, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan.

Bí a bá ti mọ gbogbo ohun tí a ó pààrọ̀, wákọ́ṣọ́ọ̀bù orí ilẹ̀ la ti ń gé e, tí a ń jó o pọ̀, tí a sì ń kọ nọ́ńbà sí i lára: ìpele kelòó nínú ọkọ̀, yàrá wo, apá òsì tàbí ọ̀tún. Kó jẹ́ pé gbígbé wọlé àti dídè ló kù.

Ẹ tún kọ́ yàrá àpẹẹrẹ kan sórí ilẹ̀, kó pé pérépéré, bẹ́ẹ̀dì, gíláàsì, ìwẹ̀, gbogbo rẹ̀. Àwọn ọ̀gá á wá wò ó, wọ́n á yan àwọ̀. Ẹni tí èmi máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pè ni ẹni tó ń tún yàrá ṣe lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, kí ó nu ẹ̀yìn ilé ìyàgbẹ́. Ẹ sì jẹ́ kí pulọ́mbà ọkọ̀ náà gbìyànjú láti dé ibi fáàfù tí a fi ń ti omi láì gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò. Bí ọwọ́ kò bá dé e nínú yàrá àpẹẹrẹ, kò ní dé e nínú ọgọ́rùn-ún yàrá tó jọ ọ́.

Nígbà tó bá wọ dọ́ọ̀kì

Fún ẹni tí kò rí dọ́ọ̀kì gbígbẹ rí: kòtò ràgàjì onísìmẹ́ǹtì ni, létí omi. Wọ́n á ṣí géètì rẹ̀, ọkọ̀ á léfòó wọlé, wọ́n á tì í, wọ́n á fa omi jáde. Ọkọ̀ á wá rọra jókòó sórí àwọn búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ti tò sílẹ̀ dè é. Nígbà náà lẹ ó tó rí i bó ṣe tóbi tó.

Iṣẹ́ abẹ́ ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: fífi omi alágbára bó àwọn ìkarahun àti ewédò tó lẹ̀ mọ́ ọn, kíkun ún ní ọ̀dà tó ń yọ̀, yíyẹ pùròpélà àti ọ̀pá rẹ̀ wò. Ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ mọ́ kì í jẹ epo púpọ̀. Wọ́n mọ iṣẹ́ yìí dáadáa ní dọ́ọ̀kì gbogbo, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Inú ọkọ̀ ni ogun wà. Oníṣẹ́ páìpù, rẹwáyà, káfíńtà, wẹ́dà, akunlé àti onítáìlì, gbogbo wọn fẹ́ wà nínú ọ̀nà tóóró kan náà ní àárọ̀ kan náà. Ohun tó ń dá iṣẹ́ dúró jù ni pàǹtí. Bí àlòkù kò bá jáde, tuntun kò ní rí ọ̀nà wọlé. Ẹ ya lííftì kan sọ́tọ̀ fún ohun tó ń jáde, òmíràn fún ohun tó ń wọlé, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí i padà. Ní ti ilé ìwẹ̀ tí wọ́n ti tò pọ̀ láti iléeṣẹ́, kò ní gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Níbi tí mo ti rí i tí wọ́n ṣe é dáadáa, wọ́n gé ojú ihò sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, wọ́n fi kíréènì gbé wọn wọlé níkọ̀ọ̀kan, wọ́n sì jó irin ẹ̀gbẹ́ náà padà.

Iná ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 1942, wọ́n ń sọ Normandie, ọkọ̀ akérò Faransé tó lókìkí jákèjádò ayé, di ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun ní New York. Iná tí wọ́n fi ń gé irin ta bá òkìtì ẹ̀wù agbẹ̀mílà nínú yàrá ìgbafẹ́ ńlá. Iná náà ràn kálẹ̀. Omi tí àwọn panápaná dà sí i pọ̀ débi pé ọkọ̀ náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sí etí èbúté kó tó di ọjọ́ kejì, kò sì rìn mọ́ títí wọ́n fi gé e. Nítorí náà, kò sí iná jíjó láìsí ìwé àṣẹ, kò sì sí ìwé àṣẹ láìsí ẹni tó dúró ti wẹ́dà pẹ̀lú ohun ìpaná lọ́wọ́, tí ẹlòmíràn sì wà lẹ́yìn ògiri tí wọ́n ń jó, torí irin máa ń gbé ooru kọjá sí òdìkejì. Kí ẹni náà má kúrò níbẹ̀ ní kété tí wẹ́dà bá parí. Ihò tí páìpù gbà kọjá nínú ògiri tí wọ́n fi ń dá iná dúró, ẹ dí i lọ́jọ́ kan náà tí ẹ lu ú. Ẹ má ní ó di ọ̀la.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ńlá

Àwọn ọkọ̀ kan wà tí páìpù àti yàrá nìkan kò lè gbà là. QE2, ìyẹn Queen Elizabeth 2, ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún 1969 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, ooru omi ló sì ń gbé e rìn. Nígbà tó fi máa di ọdún 1986, epo tó ń jẹ ti pọ̀ jù, ẹ̀rọ rẹ̀ sì ti rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Lloyd Werft, iléeṣẹ́ tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Bremerhaven, nílẹ̀ Jámánì, láti oṣù kẹwàá ọdún yẹn títí di oṣù kẹrin ọdún 1987. Wọ́n ṣí ibi tí ilé èéfín rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni wọ́n gbà kó ẹ̀rọ àtijọ́ jáde, ibẹ̀ náà ni wọ́n gbà sọ ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì 9 tí iléeṣẹ́ MAN ṣe sísàlẹ̀, kí wọ́n lè máa fún àwọn mọ́tò tó ń yí pùròpélà ní iná. Ó ṣiṣẹ́ títí di oṣù kọkànlá ọdún 2008. Dubai ló wà báyìí, wọ́n ti sọ ọ́ di òtẹ́ẹ̀lì.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ yẹn tí ẹni tó ń gbèrò àtúnṣe gbọ́dọ̀ mọ̀. Wọ́n fi àgbá kẹ̀kẹ́ kan tó ní abẹ bíi ti pùròpélà kún ẹ̀yìn pùròpélà kọ̀ọ̀kan, kí ó lè dín epo kù sí i. Nígbà tí wọ́n dán ọkọ̀ wò lójú òkun, abẹ rẹ̀ kán. Wọ́n yọ àwọn àgbá kẹ̀kẹ́ náà kúrò, ọkọ̀ sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ, torí pé kò fẹ̀yìn ti wọn. Bí ẹ bá fẹ́ fi ohun tuntun tí kò tíì pẹ́ láyé kún ọkọ̀ àgbà, ẹ ṣètò rẹ̀ kí ó ṣeé yọ.

Iṣẹ́ abẹ kejì ni mímú ọkọ̀ gùn sí i. Enchantment of the Seas, tí wọ́n kàn lọ́dún 1997, wọ́n gé e sí méjì ní Rotterdam lọ́dún 2005, wọ́n sì fi mítà 22 sí i láàárín. Balmoral, tó ti wà láti ọdún 1988, gba mítà 30 ní Hamburg nígbà òtútù ọdún 2007 sí 2008. Ọkọ̀ iléeṣẹ́ MSC mẹ́rin ni wọ́n fi mítà 24 mú gùn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan ní Palermo lọ́dún 2014 àti 2015. Èrè rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì kan náà á máa gbé èrò tó pọ̀ sí i.

Ibòmíràn ni wọ́n ti ń kan abala àárín náà dè é. Bí ọkọ̀ bá ti jókòó, wọ́n á fa ìlà yí i ká níbi tí wọ́n ti ṣírò, wọ́n á fi iná gé e láti àjà òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ alágbára á wá ti apá kan lọ síwájú díẹ̀díẹ̀ títí àyè á fi gba abala tuntun. Tiwa ni pé kí gbogbo páìpù àti wáyà tí ìlà náà kọjá lórí rẹ̀ ti ní nọ́ńbà ní apá méjèèjì kí iná tó kàn wọ́n. Mo ti dúró níwájú ọkọ̀ tó pín sí méjì, tí mò ń wo ẹnu páìpù lóríṣiríṣi, omi mímu lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi ìdọ̀tí, kò sí ohun tó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ lára èkejì ju páálí nọ́ńbà tí a so mọ́ wọn lọ. Lẹ́yìn náà ni irin àfikún lókè àti nísàlẹ̀. Pákó tí a fi sọdá gọ́tà, bó bá ṣe gùn tó ni á ṣe máa tẹ̀ láàárín tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ lórí ìgbì. Èrò tó pọ̀ sí i ń fẹ́ ọkọ̀ agbẹ̀mílà sí i, omi mímu sí i, àti táǹkì ìdọ̀tí sí i.

Gbogbo ohun tó bá wọlé, ẹ wọ̀n ọ́n, gbogbo ohun tó bá jáde, ẹ wọ̀n ọ́n. Adágún omi ìwẹ̀ lórí àjà òkè ń kó ìwúwo sókè, omi tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì jìn ní mítà kan jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Bí ìwúwo ọkọ̀ nígbà tó ṣófo bá ti fi ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá, SOLAS ní kí wọ́n tún dán an wò bó ṣe ń fẹ̀gbẹ́ àti bó ṣe ń padà dìde. Oníṣirò tó bá ní kí ẹ gbé nǹkan kúrò lókè, ẹ gbọ́ tirẹ̀.

Ohun tí èrò máa ń rí

N kò fojú tín-ín-rín ẹwà. Ọkọ̀ Queen Mary 2 lo ọjọ́ 25 ní dọ́ọ̀kì Blohm+Voss ní Hamburg lọ́dún 2016. Wọ́n fi yàrá 15 kún un fún ẹni tó ń dá rìnrìn àjò, yàrá 30 tó ní bákónì, àti ilé ajá 10 sí i. Apá kan ibi tẹ́tẹ́ àti ibi tí wọ́n ti ń ta fọ́tò ni wọ́n fi ṣe àwọn yàrá aládàádó yẹn. Ẹ rò ó wò: ibi tí kò sí ìwẹ̀ kankan tẹ́lẹ̀ wá di ibi tí èèyàn 15 á ti máa wẹ̀. Onítáìlì kò lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ títí omi fi gba ibẹ̀ kọjá tí a sì ti fi agbára tì í wò. Bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ètò náà tò: irin, páìpù, wáyà, ògiri, táìlì, àga. Kápẹ́ẹ̀tì ni ìkẹyìn, kí bàtà wẹ́dà tó kẹ́yìn ti jáde.

Kí èrò tó padà

Níbi tí ẹ bá ti yọ ìwẹ̀ tàbí ilé aṣerunlóge kúrò, ẹ má kàn dé ẹnu páìpù tó ṣẹ́kù pa. Omi tó bá dúró jẹ́ẹ́ nínú rẹ̀, tí kò tutù tí kò sì gbóná, láàárín ìwọ̀n 20 sí 45 lórí tẹmómítà Celsius, ni kòkòrò Legionella fẹ́ràn, èrò lè mí i símú níbi ìwẹ̀ kó sì kó àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gé e títí dé ìdí páìpù ńlá. Ẹ fi kílórínì fọ gbogbo rẹ̀, ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi láti yàrá àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn, kí ẹ sì kó omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò.

Ọkọ̀ á jáde lọ sójú òkun fún ìdánwò, á sáré, á yí, á dúró lójijì. Àwa kan máa ń wà nínú rẹ̀ lásìkò yẹn. Inú àjà la máa ń wà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, torí ọ̀pọ̀ ìsopọ̀ tó dákẹ́ ní dọ́ọ̀kì ló máa ń sunkún nígbà tí ọkọ̀ bá ń mì. Ohun tó bá kù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nọ́ńbà yàrá àti orúkọ ẹni tó máa ṣe é, kí díẹ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ sì bá ọkọ̀ lọ títí iṣẹ́ á fi tán.

Kí ẹ tó bọ́ sílẹ̀, ẹ yàwòrán ohun tí ẹ ṣe gan-an, kì í ṣe ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe. Ibi tí páìpù yà sí, ibi tí fáàfù sá pamọ́ sí, ìgúnpá wo ni tuntun, èwo ni ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan lé ọ̀gá ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, kí ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́.